Ta ló yẹ kó sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn lórí ẹ̀tọ́ wa, adájọ́ ni tàbí aṣòfin?

Akọ̀wé Ìbarà (ẹni tó dá ìjíròrò sílẹ̀)

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Àwa ará Ògùn dìbò yan aṣòfin 26 sí Òkè-Mósàn, gbogbo Nàìjíríà sì dìbò yan aṣojú-ṣòfin 360 àti sẹ́nétọ̀ 109 sí Àbújá. Bí àwọn wọ̀nyí bá jókòó, tí wọ́n gbé àbádòfin yẹ̀wò, tí wọ́n jiyàn lé e lórí, tí wọ́n dìbò, tí gómìnà tàbí Ààrẹ sì buwọ́ lù ú, ó ti di òfin nìyẹn. Síbẹ̀ adájọ́ méje péré ní ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ, tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò tẹ̀ka fún, lè sọ pé òfin náà tako ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn tó wà ní Orí Kẹrin ìwé òfin ọdún 1999, kí wọ́n sì wọ́gi lé e. Bí ẹnu wọn kò bá kò, mẹ́rin nínú wọn ti tó.

Ní Amẹ́ríkà, ìwé òfin wọn kò sọ ọ́ ní gbangba pé kóòtù ní irú agbára yìí. Adájọ́ Àgbà John Marshall ló fà á yọ nínú ẹjọ́ Marbury àti Madison ní ọdún 1803, láti ìgbà náà ni wọ́n sì ti ń fa ọ̀rọ̀ náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Abala 1 ní òfin yòówù tó bá tako ìwé òfin yìí, òfo ni. Abala 4 ní ilé aṣòfin kò gbọdọ̀ ṣe òfin tí yóò gba agbára ìdájọ́ lọ́wọ́ kóòtù. Abala 46 sì fún ẹni tí wọ́n bá tẹ ẹ̀tọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀ láyè láti lọ sí ilé-ẹjọ́ gíga. Nítorí náà, mi ò bèèrè bóyá òfin fún àwọn adájọ́ lágbára, torí ó fún wọn. Ohun tí mo ń bèèrè ni bóyá ó tọ́ kí ìlú tó ń pe ara rẹ̀ ní ìjọba tiwa-n-tiwa fi ọ̀rọ̀ ìkẹyìn sí wọn lẹ́nu. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ó di ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú.

Ọmọ Òwu

Ẹ kú iṣẹ́ o, Ọ̀gá Akọ̀wé. Èmi wà lẹ́yìn àwọn tó ní kò tọ́, ẹni tí àlàyé rẹ̀ sì yé mi jù ni Jeremy Waldron, ọmọ New Zealand kan tó jẹ́ onímọ̀ ìjìnlẹ̀ nípa òfin, nínú àròkọ tó gbé jáde ní ọdún 2006. Kò sọ pé ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn kò jẹ́ nǹkan kan. Ó ní gbogbo wa la gbà pé ó ṣe pàtàkì, àmọ́ a kò fẹnu kò lórí ohun tí ẹ̀tọ́ kọ̀ọ̀kan ń béèrè lọ́wọ́ wa. Gbogbo ènìyàn ló fara mọ́ òmìnira láti sọ̀rọ̀; ṣé ẹni tó ń bú ẹlẹ́sìn mìíràn lórí rédíò wà lábẹ́ ààbò rẹ̀? Gbogbo ènìyàn ló fara mọ́ ẹ̀tọ́ láti wà láàyè. Ṣé ìjọba wá lè yẹgi fún apànìyàn? Abala 33 tiwa gba ìdájọ́ ikú láyè. Ní ọdún 1995, ilé-ẹjọ́ tó ń rí sí ìwé òfin ní Gúúsù Áfíríkà wọ́gi lé ìdájọ́ ikú ní ilẹ̀ tiwọn, wọ́n sì sọ ọ́ láìfi bò pé bí ọ̀pọ̀ ará ìlú bá tilẹ̀ fẹ́ ẹ, ìyẹn kọ́ ni yóò parí ẹjọ́ náà.

Níbi tí irú àríyànjiyàn báyìí bá wà láàárín àwọn ènìyàn tó ní ọgbọ́n àti ọkàn rere, báwo la ṣe fẹ́ parí rẹ̀? A ní kí á kó o fún àwọn adájọ́ nítorí pé ẹ̀tọ́ ju ohun tí à ń dìbò sí lọ. Kí ni àwọn adájọ́ wá ṣe nígbà tí ẹnu tiwọn náà kò kò? Ìbò ni wọ́n dì! Mẹ́rin borí mẹ́ta, ọ̀rọ̀ parí. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ni yóò borí náà ni, ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ ọ̀pọ̀ àwọn tí a lè yọ kúrò nípò lẹ́yìn ọdún mẹ́rin.

Agbẹjọ́rò Kọ́bapẹ́

Àbúrò mi, o sọ ọ́ dáadáa, ṣùgbọ́n o yára jù nígbà tí o dé ibi ọ̀pọ̀. Ronald Dworkin, onímọ̀ òfin ọmọ Amẹ́ríkà, kò gbà pé kíka orí lásán ni ìjọba tiwa-n-tiwa. Lójú tirẹ̀, àjọṣe ni, nínú èyí tí ọ̀wọ̀ kan náà tọ́ sí olúkúlùkù. Bí àwọn tó pọ̀ bá fi ìbò yọ àwọn tó kéré kúrò nínú àjọṣe náà, ohun tí wọ́n ṣe kò di tiwa-n-tiwa nítorí pé wọ́n pọ̀. Ó sì kù síbì kan kí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn tún jẹ́ adájọ́ lórí ẹ̀sùn ara rẹ̀.

Ẹ tún wo bí Orí Kẹrin ṣe débí. Ní ọdún 1957, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yan ìgbìmọ̀ tí Henry Willink ṣe alága rẹ̀ láti gbọ́ ohun tó ń ba àwọn ẹ̀yà kéékèèké lẹ́rù ní ẹkùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà nígbà náà, bí òmìnira bá dé. Ẹkùn tiwọn ni púpọ̀ nínú wọn ń béèrè. Nígbà tí ìgbìmọ̀ náà jábọ̀ ní 1958, kò fún wọn ní ẹkùn. Ó dá a lábàá pé kí wọ́n kọ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn sínú ìwé òfin. (Lójú tèmi, owó gbà-má-bìínú ni. Ṣùgbọ́n a ń ná an títí dòní.) Nítorí náà, láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni wọ́n ti fi orí ìwé yẹn dènà ẹni tó bá ní ìbò tó pọ̀ jù.

Ní ti iṣẹ́ tí mò ń ṣe, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀kan. Wọ́n mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan lórí fóònù tí wọ́n ní ó jí. Abala 35 ní bí kóòtù bá wà láàárín ogójì kìlómítà, ọjọ́ kan péré ni wọ́n ní láti fi gbé e dé iwájú adájọ́. Láti àgọ́ tí wọ́n tì í mọ́ sí kóòtù, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni lórí ọ̀kadà. Ọmọ yìí lò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ níbẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló búra sínú ìwé ẹ̀rí tí a fi pẹjọ́. Akọ̀wé kóòtù ka gbogbo rẹ̀ sí i létí ní Yorùbá, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, ó sì tẹ ìka àtàǹpàkò sí ìsàlẹ̀ ìwé. Ọjọ́ tí ìwé náà dé ọwọ́ wọn ní àgọ́ ni wọ́n tú ọmọ náà sílẹ̀, kí adájọ́ tó rí ẹjọ́ náà rárá. Ta ni ìyá yẹn ì bá dìbò fún kí ọmọ rẹ̀ tó jáde?

Ọmọ Òwu

Ẹ̀gbọ́n, ẹjọ́ ìyá yẹn dùn mí, àmọ́ kò kan Waldron. Ó là á sílẹ̀ nínú àròkọ kan náà pé òfin tí ilé aṣòfin ṣe ni òun ń bá kóòtù fà, òun kò sọ̀rọ̀ nípa ọlọ́pàá tàbí òṣìṣẹ́ ìjọba tó rú òfin. Ọlọ́pàá tó ti ọmọ yẹn mọ́lé kò ní òfin kankan lẹ́yìn, abala 35 tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba búra láti pa mọ́ ló tẹ̀ lójú. Kí adájọ́ dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ́kun kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ aṣòfin. Ẹ fún mi ní ẹjọ́ tí kóòtù ti dojú òfin tí aráàlú fúnra wọn fẹ́ bolẹ̀, ká wá wo ẹni tó jàǹfààní.

Agbẹjọ́rò Kọ́bapẹ́

Mo gbà pé ọ̀tọ̀ ni méjèèjì. Àmọ́ fi í sọ́kàn pé èyí tó pọ̀ jù nínú ẹjọ́ Orí Kẹrin tó ń wọ kóòtù wa, ti ọlọ́pàá, ti sójà àti ti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ni. Àwọn ẹjọ́ tí a ti ń wọ́gi lé òfin kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Ìyá Aládìrẹ Ìtòkú

Ẹ kú ìjíròrò o. Mo ti ń ka gbogbo rẹ̀ láti àárọ̀ bí oníbàárà ṣe ń wọlé tí wọ́n ń jáde.

Nígbà tí wọ́n ń gba owó orí lọ́wọ́ àwọn ìyá wa ní ìlú yìí, kò sí Orí Kẹrin kankan. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti kó àṣẹ ìlú lé Aláké lọ́wọ́, ìyẹn Ọba Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì; obìnrin ń san owó orí tirẹ̀ lọ́tọ̀, kò sì ní ẹnì kan ṣoṣo tó ń ṣojú fún un nínú ìgbìmọ̀. Kóòtù ìbílẹ̀ tí ẹni tí kò san owó yóò ti jẹ́jọ́, abẹ́ ìjọba kan náà ló wà. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kó wọn jọ, olówò ọjà àti àwọn obìnrin tó kàwé papọ̀. Ní òpin ọdún 1947, wọ́n lọ jókòó sí iwájú ààfin Aké, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń bú ọba. Nígbà tó fi máa di oṣù Kìíní ọdún 1949, Aláké ti gbé adé sílẹ̀, ó ti fi ìlú sílẹ̀. Ó di ọdún 1950 kó tó padà. Wọ́n fagi lé owó orí obìnrin, obìnrin sì wọ ìgbìmọ̀ Ẹ̀gbá.

Kò sí adájọ́ kankan nínú ìtàn yìí tó ṣe wá lóore. Bí àwọn ìyá wa bá ní kí àwọn dúró de ìdájọ́, wọn ì bá dúró pẹ́. Nítorí náà, nígbà tí ẹ̀yin lọ́yà bá ń sọ pé kóòtù ni odi ẹ̀tọ́, ẹ máa rántí ẹni tó kọ́kọ́ mọ odi ní Abẹ́òkúta.

Bàbá Òkè-Mósàn

Ìyá Aládìrẹ, ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ akọ̀wé ní ilé aṣòfin, mo sì lè fi ìdajì kejì kún ohun tí ẹ sọ, nítorí pé inú ilé ọba kan náà ló ti wá.

Ọmọ Aláké tí wọ́n lé yẹn ni Adétòkunbọ̀ Adémọ́lá, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ Adájọ́ Àgbà orílẹ̀-èdè yìí, láti 1958 títí di 1972. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1970, ẹjọ́ kan tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ òfin mọ̀ sí ẹjọ́ Lákànmí dé iwájú rẹ̀. Ìjọba ológun Ìwọ̀-Oòrùn ti gbẹ́sẹ̀ lé dúkìá àwọn kan lẹ́yìn ìwádìí. Nígbà tí wọ́n pẹjọ́, ìjọba àpapọ̀ gbé dìkírì kan jáde ní 1968, wọ́n to orúkọ àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn sí ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n ní ohun tí a gbà ti di gbígbà, kóòtù kò gbọdọ̀ bèèrè. Adémọ́lá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní rárá. Wọ́n ní òfin tó dárúkọ ẹnì kan tó sì fìyà jẹ ẹ́ ti kúrò ní òfin, ó ti di ìdájọ́, iṣẹ́ kóòtù sì ni ìdájọ́. Wọ́n tún sọ pé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 1966 kì í ṣe ìdojú-ìjọba-bolẹ̀ tó pa ìwé òfin rẹ́. Àwọn mínísítà tó kù ló fa ìjọba lé ológun lọ́wọ́ nítorí ọ̀ràn pàjáwìrì, ìwé òfin sì ṣì dúró.

Ìdájọ́ tó gbóyà ni. Kò pé oṣù kan tí ìjọba ológun fi ti Dìkírì 28 ti ọdún 1970 lé e. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìdojú-ìjọba-bolẹ̀ gan-an ló ṣẹlẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ní 1966, àti pé ìdájọ́ yòówù tó bá ní dìkírì kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, òfo ni. Bàbá rẹ̀ ní àṣẹ, àwọn obìnrin tí kò ní àṣẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ ní ìwé òfin, àwọn tó ní ìbọn gbà á lọ́wọ́ òun náà.

Kí Ọmọ Òwu má sì tíì máa yọ̀. Aṣòfin tí a dìbò yàn ti ṣe irú rẹ̀ ṣáájú ológun. Ní ọdún 1962, gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn yọ Akíntọ́lá nípò olórí ìjọba lórí lẹ́tà tí ọ̀pọ̀ àwọn aṣòfin fọwọ́ sí, ó sì fi Dàúdà Adégbénró, ọmọ ìlú wa, rọ́pò rẹ̀. Kóòtù tó ga jùlọ ní Èkó ní gómìnà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ àfi kí wọ́n dìbò nínú ilé. Ẹjọ́ náà dé Privy Council, ilé-ẹjọ́ ìkẹyìn wa nígbà náà, ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì dá Adégbénró láre ní oṣù Karùn-ún ọdún 1963. Kí ni ilé aṣòfin Ìbàdàn ṣe? Wọ́n tún ìwé òfin ẹkùn náà ṣe, wọ́n sì mú àtúnṣe náà padà sẹ́yìn débi pé ìdájọ́ Lọ́ńdọ̀nù kò rí ilẹ̀ dúró sí. Nígbà tó di ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún yẹn tí a di olómìnira pátápátá, a fòpin sí gbígbé ẹjọ́ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ohun tó tẹ̀ lé e ní Ìwọ̀-Oòrùn kò nílò pé kí n sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá ti dàgbà tó mi.

Ọmọ Òwu

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀. Síbẹ̀ ẹ ti ràn mí lọ́wọ́. Bí kóòtù kò bá lè dúró láìsí ará ìlú lẹ́yìn rẹ̀, ará ìlú ni ká kọ́kọ́ mú lágbára.

Ará Ẹ̀gbá ní Toronto

Ẹ káàárọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Ohun tí ẹ̀ ń sọ dà bí ẹni pé ọ̀nà méjì péré ló wà. Níbí ní Kánádà, ìwé ẹ̀tọ́ tí wọ́n kọ sínú ìwé òfin ní ọdún 1982 ní abala 33 kan, tó gba ilé aṣòfin láyè láti kọ ọ́ sínú òfin pé òfin yìí yóò ṣiṣẹ́ bó bá tilẹ̀ tako àwọn ẹ̀tọ́ kan. Àmọ́ ọdún márùn-ún péré ni agbára náà fi ń gbéṣẹ́. Bí wọ́n bá ṣì fẹ́ ẹ, wọ́n gbọ́dọ̀ tún un dìbò sí, ní ojú gbogbo ayé, nígbà tí ó ṣeé ṣe kí ìdìbò gbogbogbòò ti wáyé láàárín. Québec lò ó ní 2019 láti ṣòfin pé olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba, ọlọ́pàá àti agbẹjọ́rò ìjọba kò gbọdọ̀ wọ ohun tó ń fi ẹ̀sìn hàn lẹ́nu iṣẹ́. Obìnrin Mùsùlùmí tó ń lo híjáàbù, tó sì fẹ́ ṣe tíṣà, mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí fún òun.

Ní Bìrìtìkó, òfin ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti ọdún 1998 kò jẹ́ kí kóòtù wọ́gi lé òfin ilé aṣòfin. Ó kàn lè kéde pé òfin náà kò bá ẹ̀tọ́ mu, kí aṣòfin wá pinnu ohun tí wọ́n máa ṣe. New Zealand náà kò fún kóòtù ní agbára láti wọ́gi lé òfin, bí òfin ẹ̀tọ́ wọn ti 1990 ṣe wí. Èmi fẹ́ràn ti Bìrìtìkó ju ti ibi tí mò ń gbé lọ.

Agbẹjọ́rò Kọ́bapẹ́

Toronto, o káàbọ̀. Ilẹ̀ tí ojú bá ń ti olóṣèlú ni irú ti Bìrìtìkó ti lè ṣiṣẹ́. Ìkéde tí kò ní eyín nínú, ta ni yóò bẹ̀rù rẹ̀ ní Àbújá?

Kóòtù wa tó ní eyín pàápàá, ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2004, ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ sọ pé Ààrẹ kò ní agbára láti dá owó ìjọba ìbílẹ̀ Èkó dúró. Ọmọ Abẹ́òkúta ló wà lórí àga nígbà náà, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Owó náà kò jáde tán títí tí Ààrẹ mìíràn fi dé ní 2007. Ní oṣù Kejì ọdún 2023, kóòtù kan náà ní kí wọ́n má tíì fòpin sí náírà àtijọ́. Àwọn ènìyàn ṣì ń tò sí ẹnu bánkì títí wọ ìdájọ́ ọjọ́ kẹta oṣù Kẹta, ó sì tún pẹ́ díẹ̀ kí owó náà tó padà dé ọwọ́ wọn. Alexander Hamilton, ọ̀kan lára àwọn tó dá Amẹ́ríkà sílẹ̀, ti kọ ọ́ ní 1788 pé ẹ̀ka ìdájọ́ kò ní idà, kò sì ní àpò owó. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù pé adájọ́ yóò jọba lé wa lórí, ibòmíràn ló ń gbé.

Tí ilé aṣòfin bá sì fẹ́ yí Orí Kẹrin padà tinútinú, ọ̀nà wà. Abala 9 béèrè ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ní ilé méjèèjì, ìyẹn sẹ́nétọ̀ 88 àti aṣojú-ṣòfin 288, pẹ̀lú ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24. Ó le, ṣùgbọ́n kò tì pa.

Ọmọ Òwu

Ẹ̀gbọ́n, bó ṣe le tó yẹn gan-an ni mo ń sọ. Sẹ́nétọ̀ 22 péré ló lè dá gbogbo orílẹ̀-èdè dúró.

Bàbá Òkè-Mósàn

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí tó ṣẹlẹ̀ lẹ́nu àìpẹ́ yìí kún un. Ọ̀rọ̀ nípa ìsìnkú ọba jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ pátápátá: abala 38 fún ọba, gẹ́gẹ́ bí ènìyàn, ní òmìnira ẹ̀sìn, abala kan náà sì fún àwọn oníṣẹ̀ṣe tó ní ara ọba kì í ṣe ti ẹbí rẹ̀ nìkan. Kóòtù kọ́ ló parí rẹ̀ ní Ògùn. Òkè-Mósàn ló ṣòfin ọba àti ìjòyè ti ọdún 2021, gómìnà buwọ́ lù ú ní ìbẹ̀rẹ̀ 2022, ó sì gba ẹbí ọba láyè láti sin ín ní ìlànà ẹ̀sìn rẹ̀. Àwọn oníṣẹ̀ṣe takò ó gidi. Nígbà tí Awùjalẹ̀ wàjà ní oṣù Keje ọdún 2025, ní ìlànà Mùsùlùmí ni wọ́n sin ín. Bí Ọmọ Òwu bá ń wá àpẹẹrẹ ibi tí aṣòfin ti gbé ẹ̀tọ́ méjì tó forí gbárí yẹ̀ wò láìretí adájọ́, èyí ni kó mú.

Ìyá Aládìrẹ Ìtòkú

Bàbá, mo gbọ́ ti ọba. Ti Orò ńkọ́? Bí wọ́n bá kéde Orò ọ̀sán gangan, èmi ni n óò ti ṣọ́ọ̀bù, èmi ni n óò sá wọlé. Ọkùnrin tó ń ta aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi yóò máa tà á lọ. Abala 41 ní ọmọ Nàìjíríà lè rìn níbi tó bá wù ú. Abala 42 ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jìyà nítorí pé obìnrin ni. Ẹ wá ní kí n gbé e lọ bá aṣòfin. Ẹ bá mi ka obìnrin tó wà lára àwọn 26, kí ẹ sì sọ fún mi èwo nínú wọn ni yóò dìde láti sọ̀rọ̀ Orò ní gbangba, kó tún padà lọ béèrè ìbò ní wọ́ọ̀dù rẹ̀.

Àwọn ìyá wa ṣe é ní 1947 nítorí pé gbogbo wọn ni owó orí ń dùn. Ẹni tí ìyà rẹ̀ kò kan ẹlòmíràn, ìta ààfin kò ní kún fún un.

Agbẹjọ́rò Kọ́bapẹ́

Ìyá wa, ẹ ti sọ ọ́ tán. John Hart Ely, ọmọ Amẹ́ríkà kan, ti fi èyí ṣe gbogbo ìdí tó fi gba kóòtù láyè ní ọdún 1980: kí adájọ́ fi ọ̀rọ̀ tó lè yanjú nínú ìdìbò sílẹ̀ fún ìdìbò, kó wọ inú èyí tí ìdìbò fúnra rẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹnì kan. Ẹ wo ẹjọ́ Ukeje ní 2014. Láti ọjọ́ aláyé ni àṣà kan ní ilẹ̀ Ìgbò kì í ti í jẹ́ kí ọmọbìnrin pín nínú ogún bàbá rẹ̀. Ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ ló wá sọ pé àṣà náà tako abala 42, òfo sì ni.

Ọmọ Òwu

Mo fẹ́ kí ìjíròrò yìí mọ̀ pé Waldron kò purọ́ nípa ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ. Ó ní kí àlàyé òun tó dúró, nǹkan mẹ́rin gbọ́dọ̀ wà: ilé aṣòfin àti ìdìbò tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa; kóòtù tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa; ará ìlú tó ka ẹ̀tọ́ sí; àti àríyànjiyàn tòótọ́ lórí ohun tí ẹ̀tọ́ jẹ́. Gbogbo ènìyàn ló máa ń sáré sọ pé àkọ́kọ́ kò sí ní Nàìjíríà, nítorí náà kí á lọ bá adájọ́. Wọ́n ń fo èkejì. Ní oṣù Kìíní ọdún 2020, ìdájọ́ ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ sọ ẹni tí INEC kéde sí ipò kẹrin di gómìnà Ìmò. Mi ò sọ pé wọ́n ṣe é tọ́ tàbí wọn kò ṣe é tọ́, torí Ọ̀gá Akọ̀wé ti ní ká má ṣe òṣèlú. Ohun tí mò ń sọ ni pé nígbà tí olóṣèlú bá ti mọ̀ pé kóòtù ni ìbò ìkẹyìn wà, ibẹ̀ ni yóò kó ipá rẹ̀ lọ. Kóòtù tó ń yan gómìnà kò lè jìnnà sí ọwọ́ gómìnà.

Akọ̀wé Ìbarà

Ìyẹn mú mi bèèrè ẹni tó ń yan àwọn adájọ́ gan-an. Bí mo ṣe kà á, NJC, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn adájọ́, ló ń dábàá, Ààrẹ ń yàn, Sẹ́nétì ń fọwọ́ sí i fún ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ. Adájọ́ Àgbà sì ni alága NJC, òun náà ló ń yan ọ̀pọ̀ lára àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ ọ̀hún. Ṣé Lọ́yà rò pé ìyẹn dára?

Agbẹjọ́rò Kọ́bapẹ́

Kò dára tó. Ó ń dáàbò bo adájọ́ lọ́wọ́ gómìnà, èyí tí mo fẹ́. Kò dáàbò bo àwọn ará ìlú lọ́wọ́ àwọn adájọ́ tó ń yan ara wọn. Èmi ì bá fi àwọn tí kì í ṣe lọ́yà kún un, ju àwọn méjì tó wà níbẹ̀ báyìí lọ, kí wọ́n sì máa bi ẹni tí wọ́n fẹ́ yàn ní ìbéèrè ní gbangba.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n padà sí ti Ìyá Aládìrẹ, nítorí ibẹ̀ ni òfin ti rí ohun jẹ. Abala 45 gba ìjọba láyè láti dín òmìnira ìrìn kù, ṣùgbọ́n òfin nìkan ló lè ṣe é, òfin náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó bọ́gbọ́n mu ní ìlú tiwa-n-tiwa, nítorí ààbò, àlàáfíà, ìlera, ìwà ọmọlúàbí tàbí ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn. Ìbéèrè tí adájọ́ yóò kọ́kọ́ bi wá ni pé ta ló kéde Orò ọ̀sán yẹn. Bí ó bá jẹ́ pé ẹnu lásán ni wọ́n fi kéde rẹ̀, èmi yóò dúró lé e pé kò sí òfin tí abala 45 lè gbà là níbẹ̀. Àwọn oníṣẹ̀ṣe yóò na abala 38 sí wa, wọ́n sì lẹ́tọ̀ọ́ láti nà án. Wọ́n gbọ́dọ̀ wá sọ ìdí tí ìsìn tí wọ́n lè ṣe ní òru fi gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀sán.

Ìyá Aládìrẹ Ìtòkú

Ṣé dandan ni kí ó jẹ́ ẹni tí wọ́n lù tàbí tí wọ́n lé ni yóò pẹjọ́? Mi ò fẹ́ kí ọmọbìnrin kan ṣoṣo gbé e rù.

Agbẹjọ́rò Kọ́bapẹ́

Rárá, mà. Àwọn ìlànà ìpẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti ọdún 2009 gba ẹgbẹ́ tàbí ẹnikẹ́ni láyè láti pẹjọ́ fún ẹlòmíràn tàbí fún ànfààní gbogbo ìlú, wọ́n sì kìlọ̀ fún kóòtù kí ó má lé irú ẹni bẹ́ẹ̀ padà nítorí pé ọ̀rọ̀ kò kan án.

Bàbá Òkè-Mósàn

Kí ẹ tó pẹjọ́, ìwé ẹ̀bẹ̀ wà tí ènìyàn lè kọ sí olórí ilé aṣòfin. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ tí wọn kò fi ní rí ibi jù ú sí. Ẹ ní kí wọ́n ṣòfin pé òru nìkan ni Orò, bí wọ́n ṣe ṣòfin ìsìnkú ọba.

Ọmọ Òwu

Mo lè bá yín kó orúkọ jọ ní Òwu, Ìyá. Àwọn ọkùnrin náà.

Ìyá Aládìrẹ Ìtòkú

O ṣeun, ọmọ mi. Lọ́yà, èwo ni kí á kọ́kọ́ ṣe?

Agbẹjọ́rò Kọ́bapẹ́

Ti Bàbá ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe. Ẹ fi ọjọ́ sí i, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n lu òǹtẹ̀ ìgbàwé sórí ẹ̀dà tí yóò wà lọ́wọ́ yín. Bí wọ́n bá jókòó lé e, ẹ̀dà tó ní òǹtẹ̀ yẹn ni n óò fi mọ́ ìwé ẹ̀rí nígbà tí a bá ń pẹjọ́, kí ẹnikẹ́ni má lè sọ fún adájọ́ pé a kò tíì bá àwọn tí a dìbò yàn sọ̀rọ̀.